Ọdún Méje Láàrin Èmi àti Ilé Fate

Èmi ni mo kéré jù nínú àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, títí di ọ̀sán ọjọ́ Àlàmísì kan tí a jọ lọ sí báńkì nítorí ẹ̀yáwó ilé. Nígbà tí a fi máa jáde níbẹ̀, mo ti di àgbà lé wọn lórí, kò sì sí ẹni tó mọ ibi tó yẹ kó gbé ojú sí nínú wa.

Olùkọ́ ni wá, ní ilé-ìwé girama ìjọba kan nínú ìlú Ìlọrin. Èmi ń kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Yorùbá. Ọ̀rẹ́ mi kìíní, ẹni tí a gbà pé ó dàgbà jù, ń kọ́ wọn ní ìṣirò. Opó ni, onígbàgbọ́ ni, apá Ọ̀ṣun sì ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá ṣòwò ní Ìlọrin kí wọ́n tó bí i. Ọ̀rẹ́ mi kejì ń kọ́ wọn ní oúnjẹ sísè àti aṣọ rírán. Ọmọ Ìlọrin gidi ni, àgbolé wọn kò jìnnà sí Ọjà Tuntun, ó sì ti kó jáde nílé ọkọ kí n tó mọ̀ ọ́n. Ọkọ tèmi kú láìfi ọmọ sílẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, kò sí ọkùnrin kankan tí a lè di ẹ̀bi ohunkóhun rù.

Ọdún méjìlélógún ni a ti ń bá ara wa bọ̀. Mọ́tò olùkọ́ ìṣirò ni a jọ máa ń wọ̀ kúrò níbi iṣẹ́, èmi á jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú ìwé àwọn ọmọ lórí itan mi. Bí ebi bá pa wá nígbà ìsinmi, èmi ni wọ́n ń rán lọ ra àkàrà. Láàárọ̀, màá kúnlẹ̀ kí olùkọ́ ìṣirò, tí ìwé ìjọba sọ pé ó fi ọdún kan jù mí. Màá tẹ orúnkún díẹ̀ fún olùkọ́ aṣọ rírán, nítorí oṣù mélòó kan péré ni tirẹ̀. N kò rí ohun tó burú níbẹ̀. Iṣẹ́ àbúrò kò wúwo tó bí àwọn èèyàn ṣe ń rò. Kò sí ẹni tó ń bi àbúrò pé kí ni ká ṣe, bí ohun tí a ṣe bá sì bàjẹ́, kì í ṣe òun ni wọ́n ń wò lójú.

Olùkọ́ aṣọ rírán ló kọ́kọ́ gbọ́ nípa ilé náà. Fate ló wà, àdúgbò kan ní Ìlọrin tí ilé-ìwé, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí ti pọ̀ débi pé ààbọ̀ ọ̀rọ̀ lèèyàn ń gbọ́ nínú ìkọ̀ọ̀kan. Fúláàtì mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, méjì lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, ibi ìgbọ́kọ̀sí sì gba ìyókù ìsàlẹ̀ náà. Onílé ń kó lọ bá àwọn ọmọ rẹ̀ lókè òkun, kò sì fẹ́ tà á ní ìdákan-ìdákan. Ẹni tó bá fẹ́ ra ọ̀kan ní láti ra mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi di ti àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

A lọ wò ó ní ọjọ́ Sátidé kan. Olùkọ́ ìṣirò mú fúláàtì òkè tó kọjú sí títì, ó ní òun fẹ́ máa rí àlejò kí àlejò tó rí òun. Olùkọ́ aṣọ rírán mú èkejì nítorí ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ tó wọ ibẹ̀, torí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ìsàlẹ̀ kù fún èmi, mo sì ṣe bí ẹni pé wọ́n fi fún mi ni, àmọ́ òun gan-an ni mo fẹ́. Ẹ̀yìnkùlé kan wà níbẹ̀ tó lè gba ebè ẹ̀fọ́ mẹ́fà àti adìyẹ díẹ̀. Mo tú gèlè mi, mo fi wọn fèrèsé, mo sì ta kókó sí ibi tí ó gùn dé.

Mo ní láti sọ ìdí tí ilé fi ká mi lára bẹ́ẹ̀. Abúlé kan lẹ́yìn ìlú Ìlọrin ni wọ́n ti bí mi, àgbẹ̀ ni wá. Ní ọ̀dọ̀ wa, obìnrin tí kò bímọ, tí ọkọ rẹ̀ ti kú, ilé bàbá rẹ̀ ló ń darúgbó sí. Wọn kì í lé e. Yàrá tó bá ṣófo ni wọ́n ń fún un. Bí wọ́n bá gbé ìyàwó tuntun wọlé, wọ́n á ní kó sún sí òmíràn. Àbúrò bàbá mi obìnrin sún lẹ́ẹ̀mẹrin kó tó kú, ẹ̀ẹ̀kẹrin yẹn sì jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ń kó àgbàdo sí. Èmi ni mo máa ń gbé oúnjẹ lọ fún un níbẹ̀ nígbà tí mo bá wálé. Kò ráhùn rárá. Àìráhùn rẹ̀ yẹn ló bà mí lẹ́rù jù.

Owó oṣù olùkọ́ kan kò lè ra fúláàtì ní Fate, owó oṣù olùkọ́ mẹ́ta pàápàá ní láti fara mọ́ra dáadáa. Mo ti lọ sí Háájì ní ọdún méjì ṣáájú, nítorí náà mo sọ fún wọn pé bí a bá máa yáwó, ibi tí wọn kì í ti í gba èlé ni. Mo rò pé olùkọ́ ìṣirò máa janpata. Ó kàn rẹ́rìn-ín ni.

“Èmi tí mo ń ṣírò èlé lójú pátákó láti ọdún yìí wá,” ló wí, “ṣé ìwọ lo máa sọ fún mi pé kò dáa?”

Báńkì tí a rí máa bá wa ra ilé náà pọ̀ ni, a ó sì máa ra ìpín tirẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lóṣooṣù títí gbogbo ilé á fi di tiwa. Obìnrin kan tó wọ híjáàbù aláwọ̀ eérú ló ń bójú tó ìwé wa, ó kéré sí wa, ó sì lọ́yàyà. Ó ṣàlàyé pé ẹni tó máa kọ́kọ́ fẹ̀yìn tì nínú wa ni wọ́n máa fi díwọ̀n iye ọdún tí a ní láti fi san án. Olùkọ́ ìṣirò nìyẹn, ọdún mẹ́rìnlá ló sì kù fún un. Bí a bá fi ọdún mẹ́rìnlá san án, owó oṣù wa á gbé e, kò sì ní ṣẹ́ kù ju ohun tí a ó jẹ lọ. A fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù. A jẹ ẹja yíyan lọ́jọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí mi wá rèé. Bàbá mi mọ̀wé Lárúbáwá, ó sì máa ń kọ ọjọ́ ìbí ọmọ kọ̀ọ̀kan sí etí ìwé kéwú rẹ̀ kan, ọjọ́, oṣù àti ọdún. Ọjọ́ tèmi wà níbẹ̀ gbangba. Ṣùgbọ́n wọn ò tètè fi mí sí ilé-ìwé, ẹran ni mo kọ́kọ́ ń dà. Nígbà tí mo fi máa dé ibi tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́, mo ti dàgbà kọjá iye ọdún tí wọ́n ń gbà. Àbúrò bàbá mi ọkùnrin lọ sí kóòtù, ó búra pé ojú òun ni wọ́n ṣe bí mi, ó sì yọ ọdún méje kúrò. Ó dé, ó ra gúgúrú bọ̀ fún mi, ó ní ká dúpẹ́. Láti ìgbà náà ni mo ti ní ọjọ́ orí méjì, ti ilé àti ti ìjọba. Irú wa pọ̀ níbi iṣẹ́ ju bí wọ́n ṣe máa ń sọ lọ. N kò ka ara mi sí òpùrọ́, nítorí kì í ṣe ẹnu mi ló búra.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi kọjá ogún dáadáa, èmi fúnra mi ni mo sì lọ pe òtítọ́ wá. Nígbà tí mo ń múra Háájì, mo lọ gba nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí wọ́n máa fi ṣe pásípọ́ọ̀tù. Ọkùnrin tó ń tẹ kọ̀ǹpútà béèrè ọjọ́ ìbí mi. Ti ìjọba ti wà lẹ́nu mi. Ni mo bá rò ó pé ilé Ọlọ́run ni mò ń lọ, kò yẹ kí n gbé ọjọ́ orí ayédèrú dé ibẹ̀. Mo sọ èyí tí bàbá mi kọ. Òtítọ́ kan ṣoṣo tí mo sọ fún ìjọba nípa ara mi nìyẹn, òun náà ló sì da gbogbo rẹ̀ rú. Mo lọ, mo bọ̀, wọ́n ń pè mí ní Àlàájà, mo sì gbàgbé nọ́ńbà náà.

Lọ́jọ́ Àlàmísì tí mò ń sọ yẹn, obìnrin báńkì náà ránṣẹ́ pè wá. Ó ti fi nọ́ńbà ìdánimọ̀ wa wo ìwé kọ̀ọ̀kan. Ó dojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ kọ mí, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

“Àlàájà, ẹ dákun, ẹ má bínú. Ìwé ibi iṣẹ́ yín ń sọ ọ̀kan, èyí ń sọ òmíràn. Ọdún méje ló wà láàrin wọn. Èwo ni ká mú?”

Àwọn ọ̀rẹ́ mi jókòó sí ọ̀tún àti òsì mi, àwọn náà sì lè kàwé. Mo lè sọ pé àṣìṣe ni, ó ti wà lẹ́nu mi tán. Ohun tó jáde ni pé, “Èyí tó ga jù ni tòótọ́.”

Mo rí ètè olùkọ́ ìṣirò tó ń mì wúyẹ́wúyẹ́, mo sì mọ̀ pé ó ń ṣírò. Kò pẹ́ rárá.

“Ọdún mẹ́fà,” ló wí. “Ọdún mẹ́fà lẹ fi jù mí.”

Obìnrin báńkì náà sọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé fún wa. Bí ọjọ́ orí mi bá jẹ́ ti òtítọ́, èmi ni mo máa kọ́kọ́ fẹ̀yìn tì, ọdún mẹ́jọ ló kù. Bí a bá fi ọdún mẹ́jọ san ilé náà, owó oṣooṣù á ju agbára wa lọ, báńkì kò sì ní gbà. Ọ̀nà méjì ló wà. Kí n lọ sí kóòtù, kí n búra pé èyí tó wà lára nọ́ńbà ìdánimọ̀ ni àṣìṣe, kí wọ́n tún un ṣe kó bá ti ibi iṣẹ́ mu. Tàbí kí n yọ ara mi, kí wọ́n wá ẹlòmíràn dípò mi. Onílé ti fún wa ní ọ̀sẹ̀ méjì péré.

Nígbà tí a dé ìdí mọ́tò, mo ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn bí mo ṣe máa ń ṣe. Olùkọ́ ìṣirò ní, “Ẹ bọ́ síwájú.” Olùkọ́ aṣọ rírán ti bọ́ sẹ́yìn láìjẹ́ pé wọ́n sọ fún un. A wa mọ́tò dé GRA kí olùkọ́ ìṣirò tó tún la ẹnu, níbi tí ọ̀nà ti dá, ó sì páàkì sábẹ́ igi kan.

“Ìjọba lẹ parọ́ fún, ìyẹn ò kàn mí,” ló wí, kò wò mí. “Ta ni kì í parọ́ fún ìjọba? Ṣùgbọ́n ẹ wá ń jẹ́ kí n máa rán yín níṣẹ́. Ẹ ń jẹ́ kí àgbà máa kúnlẹ̀ fún mi láràárọ̀ fún ọdún méjìlélógún. Ẹ mọ̀, ẹ sì ń kúnlẹ̀. Kí ni mo ṣe fún yín? Ṣé ẹ fẹ́ kí n kú ni?”

N kò ronú kan ibẹ̀ rí. Mo ti rò pé bí àṣírí bá tú, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni, tàbí ti ìwé. N kò mọ̀ pé ohun tí mo kà sí ìrẹ̀lẹ̀ ni òun máa kà sí ibi tí mo ṣe sí i. Ojú tì mí gidi. Mo ní kó má bínú, mo sì fẹ́ kúnlẹ̀ nínú mọ́tò kí n tó rántí pé ohun tí a ń jà lé lórí náà nìyẹn.

Láti ẹ̀yìn, olùkọ́ aṣọ rírán ní, “Wàlláì, tèmi tilẹ̀ san díẹ̀. Wọn ò kúnlẹ̀ tán fún mi.”

A rẹ́rìn-ín, olùkọ́ ìṣirò náà rẹ́rìn-ín, omi sì wà lójú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn méjèèjì ti gbà pé kí n lọ búra. Olùkọ́ ìṣirò ní Ọlọ́run mọ ọkàn, ìwé lásán ni. Olùkọ́ aṣọ rírán lọ bi àáfà àgbolé wọn léèrè láìdárúkọ mi, ó sì mú èsì wá.

“Ó ní kí lẹni yẹn fi òótọ́ ṣe nígbà tó sọ ọ́? Ó ní ìbúra lórí irọ́ wúwo lọ́run. Mo ní, Baba, ilé ńkọ́? Ó ní òun ò gbọ́ ohun tí mo bi òun.”

A lọ sí kóòtù ní ọjọ́ Àtìní tó tẹ̀ lé e. Wọ́n bá mi lọ, àwọn méjèèjì, wọ́n dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Akọ̀wé tó ń gba ìbúra ti tẹ ìwé náà kalẹ̀. Ó kà á sí mi létí, ó bẹ̀rẹ̀ láti orí “Èmi, Àlàájà,” títí dé ibi tí mo ti sọ pé ọjọ́ orí tí mo sọ níbi nọ́ńbà ìdánimọ̀ kì í ṣe tòótọ́. Ó fa dúrọ́ọ̀ rẹ̀, ó mú Àlùkùránì kan tí wọ́n fi ọ̀rá wé jáde láti ẹ̀gbẹ́ pákó òǹtẹ̀ àti ẹ̀pà díẹ̀. Ó gbé e síwájú mi. Ó wá rẹ́rìn-ín músẹ́. Kò burú, ẹ̀rín ẹni tó ti rí irú mi lọ́pọ̀lọpọ̀ ni, tó mọ̀, tí kò sì ní sọ.

Mo na ọwọ́. Mo fà á sẹ́yìn. Mo ní kó má bínú, mo san owó ìwé tó tẹ̀, mo sì jáde bá wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

“Mi ò lè ṣe é,” ni mo wí.

Olùkọ́ aṣọ rírán jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Olùkọ́ ìṣirò wò mí, ó ní, “Ó ti tán nìyẹn.” Kò sọ ọ́ bí ẹni bínú. Mo kọ ìwé pé mo yọ ara mi, mo sì fi ránṣẹ́ sí báńkì kí ọjọ́ náà tó ṣú.

Wọ́n rí ẹlòmíràn. Àbúrò olùkọ́ aṣọ rírán ni, nọ́ọ̀sì, ọjọ́ orí rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo níbi gbogbo. Báńkì gbà fún wọn ní ọjọ́ tó ku ọ̀la kí ọ̀sẹ̀ méjì pé. Mo bá wọn kó ẹrù. Nọ́ọ̀sì náà ní kí n gbé garawa sí ibi tó bá wù mí ní ìsàlẹ̀, ibi tó wù mí sì pọ̀ jù. Ó ti da kọnkéré sí gbogbo ẹ̀yìnkùlé nísinsìnyí, ó ní kòkòrò ń ba òun lẹ́rù. Ó mọ́ tónítóní níbẹ̀.

Ó ti di ọdún mẹ́ta. A ò jà. Wọ́n ń pè mí ní àǹtí, wọ́n ń kúnlẹ̀ fún mi, iwájú mọ́tò ni mo ń jókòó. Èmi ni wọ́n ń bi pé kí ni ká ṣe. Mo ń lọ jẹun lọ́dọ̀ wọn ní Fate lọ́jọ́ Sátidé, mo sì ń padà sí yàrá àti pálọ̀ tí mo háyà, níbi tí onílé ti ń fi owó kún owó bó ṣe wù ú. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti ránṣẹ́ láti abúlé pé kí n má dààmú, yàrá kan wà.

Ọ̀rọ̀ náà dé etí àáfà àgbolé olùkọ́ aṣọ rírán, ó sì fi mí ṣe wáàsí nínú oṣù Ràmàdáánì. Ó ní obìnrin kan wà nínú ìlú yìí tó fi ilé ayé sílẹ̀ nítorí ilé ọ̀run. Àwọn tó mọ̀ pé èmi ni wá kí mi kú oríire. Mo ṣe àmín. N kò sọ fún wọn pé mo ṣì ń gba owó oṣù lóṣooṣù lórí ọjọ́ orí tí kì í ṣe tèmi, pé ẹnu mi ò sì kọ oúnjẹ rẹ̀. Irọ́ tó ń bọ́ mi, mo gbé e mì. Èyí tí ì bá fún mi nílé ni mo bì jáde.

Mo ti rò ó títí. Mo fẹ́ gbà pé Ọlọ́run ni mo bẹ̀rù lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n mo wà níbẹ̀, mo sì mọ̀. Ẹ̀rín akọ̀wé kóòtù yẹn ni. Ojú ẹnì kan tí n kò mọ̀ rí, tí n kò tún rí mọ́, ló tì mí. Bí wọ́n bá tún gbé Àlùkùránì yẹn síwájú mi lónìí, màá gbé ọwọ́ lé e, màá búra, màá gba kọ́kọ́rọ́ mi, màá wọlé, màá ti ilẹ̀kùn, inú ilé tèmi ni màá sì ti túúbá.